Goldfish, Gbúre àti Iná Tó Ń Lọ: Ìrírí Mi ní Ṣómólú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ máa fi omi ẹja gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ní Èkó, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í: bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago méjì òru, tí wọn ò sì mú un dé títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ni ẹja yín á máa mí? Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ní àwọn ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi, bí táǹkì ṣe yẹ kó tóbi tó, iye ẹja tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, irú páìpù tó yẹ kí omi gbà padà, inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde wá.

Ṣómólú ni mò ń gbé, nínú ilé tí àwa ayálégbé bíi mélòó kan jọ wà, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wa. Ohun tí mo gbé kalẹ̀ síbẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní méjì sí lọ: táǹkì oníke tó ń gba lítà 250, dúrọ́ọ̀mù búlúù kan tí káfíńtà bá mi fi ayùn là sí méjì ní gígùn, òkúta wẹ́wẹ́ tó kún inú méjèèjì, páìpù, pọ́ńpù kékeré kan àti goldfish márùn-ún. Aquaponics ni àwọn tó ń ṣe é káàkiri ayé ń pè é. Ẹja á jẹun, á yàgbẹ́, amóníà á sì máa ti ara rẹ̀ jáde sínú omi. Májèlé ni amóníà yẹn. Pọ́ńpù á fa omi náà gòkè sórí ebè òkúta tí mo gbin ẹ̀fọ́ sí. Ara òkúta yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí méjì kan ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn á sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé fún ẹja. Èkejì á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà dáadáa, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ẹ̀fọ́ ń wá nínú ajílẹ̀. Ẹ̀fọ́ á mu tirẹ̀, omi á ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja. Kò sí ilẹ̀ tí mo ro, kò sí ajílẹ̀ tí mo rà.

Kò sí àlejò tó wọ ẹ̀yìnkùlé wa tí kì í béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ẹja àrọ̀. Ìbéèrè gidi ni. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, tó fi lè gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi. Bí omi bá bàjẹ́, bí iná bá lọ, àrọ̀ á ṣì máa mí. Goldfish kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ẹja tó rọrùn ní Èkó, àrọ̀ ni, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tó bá dàgbà á fẹ́ àyè, èyí tó tóbi á máa gbé kékeré jẹ, bó bá sì yá, ènìyàn gbọ́dọ̀ pa á. Èmi ò wá ẹja tí mo máa pa. Ẹ̀fọ́ ni mò ń wá, àti ohun tí ojú lè máa wò nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi kò gbà mí gbọ́ títí dòní. Gbogbo ìgbà tó bá ń sá aṣọ ló máa ń bi mí pé, “Ìyá Tólú, ìgbà wo gan-an la máa dín wọn?”

Ẹja inú omi adágún ní ilẹ̀ Ṣáínà ni goldfish ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń sìn ín níbẹ̀ fún ẹwà. Omi tó tutù díẹ̀ ló bá a lára mu, nǹkan bíi 18 sí 24°C. Bí mo bá ti òṣùwọ̀n bọ omi tèmi lọ́sàn-án oṣù kẹta, 29 tàbí 30 ni mò ń bá níbẹ̀. Ooru yẹn nìkan kò ní pa á, nítorí ẹja yìí lágídí ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tó lè wà nínú rẹ̀ ń dín kù. Omi tó wà ní 20°C lè gba ọ́síjìn tó tó mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Èyí tó bá wà ní 30°C kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ooru kan náà tó dín ọ́síjìn kù ló tún ń mú kí ẹja máa mí kíákíá, kó máa jẹun sí i, kó sì máa yàgbẹ́ sí i. Ó dà bí ilé tí owó oṣù ń já wálẹ̀ tí ọmọ sì ń pọ̀ sí i.

Àwọn ará Yúróòpù tí mo máa ń wo fídíò wọn ń ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Èmi, ìbòòji ni mò ń wá. Abẹ́ òrùlé tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni mo gbé táǹkì sí, kí oòrùn òwúrọ̀ lè kan ẹ̀fọ́, kí oòrùn ọ̀sán má sì rí omi. Mo fi ọ̀dà dúdú kun ara táǹkì níta kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí omi di aláwọ̀ ewé; mo wá fi funfun lé dúdú yẹn lórí kí ooru má baà mú un. Bákan náà, mi ò ra àwọn goldfish onírù-méjì tó sanra bíi bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ mi fẹ́ wọn. Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ìrù kan ṣoṣo, òun ló máa ń fara da ìyà jù.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí iná.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, tiransifọ́mà àdúgbò wa dún gbàù, gbogbo òpópónà sì ṣókùnkùn. A sùn. Ọmọ mi obìnrin ló dìde lóru láti tọ̀, tó sì wá jí mi pé, “Mọ́mì, àwọn ẹja yín ti ń yanu lójú omi o.” Bí ẹja bá ti kó ara wọn jọ sójú omi tí wọ́n ń yanu, ọ́síjìn ti ń tán nìyẹn. Ìdájí ló sì máa ń burú jù, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ohun alààyè inú omi, títí kan àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn, ti ń lo ọ́síjìn láìsí èyí tó ń wọlé. Mo ní kó gbé igbá wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi, a ń gbé e sókè, a ń dà á padà láti òkè kó lè hó. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀ ju pé omi tó ń já láti òkè ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìyá Ìbejì jáde wá bá wa, ó ní oorun kò kúkú sí nínú ooru yìí, ó sì gba igbá lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ẹja ti padà sísàlẹ̀ omi. Kò sí èyí tó kú.

Tiransifọ́mà yẹn pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Láàárín àsìkò yẹn ni mo wá mọ ohun tó yẹ kí owó ènìyàn kọ́kọ́ lọ lé lórí. Pọ́ńpù afẹ́fẹ́ kékeré kan wà tó ń lo wáyà fóònù, irú èyí tí a lè fi sí pawabáǹkì. Agbára tó ń lò kò tó nǹkan. Pawabáǹkì tó dáa lè gbé e láti alẹ́ di òwúrọ̀. Kí ẹ tó ra táǹkì tó rẹwà, kí ẹ tó ra ẹja kankan, ẹ ra ìyẹn. Ẹ máa gba agbára sínú pawabáǹkì yẹn nígbà tí iná bá wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi gba agbára sí fóònù. Òfin ilé mi ni.

Pọ́ńpù omi fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Tèmi jẹ́ wátì 15. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìdúró, kò ní ju nǹkan bíi yúníìtì 11 lọ lóṣù lórí mítà. Owó iná kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe àìsí iná. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, mi ò tíì rí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí goldfish márùn-ún. Nígbà tó yá, mo ra pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré oníwátì 50, bátìrì kan àti pọ́ńpù tó ń lo iná bátìrì. Oníṣẹ́ iná tó bá mi so ó pọ̀ rò pé fún tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tó rí ohun tí wáyà náà já sí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Mọ́mì, ẹja yín ti ní iná ju èmi lọ.”

Bí iná ṣe ń lọ ló tún pinnu bí mo ṣe ṣètò ebè òkúta. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí omi dúró nínú ebè nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí pọ́ńpù sì dúró fún wákàtí mélòó kan, omi tó dúró sójú kan yẹn á pàdánù ọ́síjìn rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fọ omi fún wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, gbòǹgbò á sì máa rà. Nínú ebè tèmi, páìpù kan dúró ṣánṣán ní àárín, òun ló ń pinnu ibi tí omi lè gòkè dé; mo wá fi ìṣó tí mo fi iná mú gbóná lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, omi tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń gba ihò jáde lọ, ebè á kún. Bí pọ́ńpù bá dúró, ihò yẹn á rọra dà á tán, afẹ́fẹ́ á sì wọ àárín òkúta. Òkúta tó tutù tí afẹ́fẹ́ kàn lè pa àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí òkè òkúta gbẹ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí ẹ̀fọn má baà rí omi yé ẹyin sí. Ní ti inú táǹkì, ẹ̀fọn ò lè gbèrú níbẹ̀, goldfish á ti jẹ tànwíjí rẹ̀ tán.

Ẹ rántí pé omi tó bá dà kúrò nínú ebè gbọ́dọ̀ rí ibi lọ. Àlàfo àárín òkúta wẹ́wẹ́ tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún, nítorí náà ebè tó gba lítà 100 òkúta ń gba nǹkan bíi lítà 40 omi. Ebè méjì, lítà 80. Bí táǹkì bá ti kún dé ẹnu nígbà tí iná wà, tí iná bá lọ, ẹ̀yìnkùlé á di odò. Ohun kan tún wà tí púlọ́ńbà tó bá mi so páìpù kò mọ̀, torí iṣẹ́ omi ilé ló ń ṣe: ó fẹ́ gbé pọ́ńpù sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ní kó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù nínú táǹkì. Bí páìpù kan bá yọ lókè, pọ́ńpù á fa omi dànù títí omi á fi dé ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, á dúró. Omi tó kù nísàlẹ̀ á ṣì tó fún ẹja.

Ní ti iye ẹja, gbogbo ẹni tó ń ta ẹja á sọ fún yín pé táǹkì yẹn lè gba ogún. Ó lè gba ogún bí iná kò bá lọ rí. Márùn-ún ni tèmi, bí iná bá sì lọ, mi ò fún wọn lóúnjẹ rárá títí tó fi máa dé, nítorí ẹja tó ń da oúnjẹ lọ́wọ́ á lo ọ́síjìn púpọ̀. Ebi ọjọ́ díẹ̀ kì í pa goldfish. Àjẹjù ló ń pa á. Goldfish kò ní àpò ìkùn tó máa gbé oúnjẹ pa mọ́, ìfun nìkan ló ní, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n lè jẹ tán kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló pọ̀ jù ní Ṣómólú, dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì sì kún gbogbo ìgboro wa tí wọn yóò tà fún yín lówó pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n fi kó íńkì àti kẹ́míkà ìfọ̀ǹkan ni, ike sì máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ní Òjótà, lágbègbè ọjà kẹ́míkà, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó gbé. Èyí tí wọ́n fi kó òróró jíjẹ tàbí omi ṣúgà àwọn tó ń ṣe ohun mímu ni mo wá kiri kí n tó rí rà. Ẹ ti imú bọ̀ ọ́. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó máa fi da ìdọ̀tí. Ẹ má sì lo ẹnu páìpù onídẹ tàbí onírin oníbàbà níbi tí omi ẹja ń gbà kọjá, bàbà kì í bá ẹja rẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Lítà omi kan, kìló kan ni. Òkúta tó kún ìlàjì dúrọ́ọ̀mù kan lè tó kìló 160. Tèmi lápapọ̀ ju kìló 550 lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì wà, síbẹ̀ Bàbá lánlọ́ọ̀dù wá bá mi. Wọ́n dúró, wọ́n wo ibẹ̀ títí.

“Ìyá Tólú, ṣé ẹ ò ní fi omi wó ilé mi?”

“Rárá o, Bàbá. Ilẹ̀ ni mo gbé e lé, ògiri ò kàn án.”

“Ẹja náà ńkọ́, ṣé ẹ ò ní máa san owó rẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ṣe, àmọ́ wọ́n padà gba ẹfinrin dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ sí bákónì. Báàkẹ́tì ńlá kan pẹ̀lú abọ́ òkúta kan lórí rẹ̀ tó fún un, ẹja kékeré kan tàbí méjì kó tó dàgbà.

Omi kànga ilé wa kan díẹ̀. Mo fi ohun èlò ìyẹ̀wò kán an wò, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), kò tó 6, ó sì ń fi àwọ̀ ìdógùn-ún sára korobá. Nígbà tí mo sọ ọ́ jáde, oníkálukú mú ìmọ̀ràn wá. Ìyá àgbà kan ní kí n ju káún sí i. Káún á gbé pH sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, sódíọ̀mù kì í kúrò nínú omi tó ń yí po, ẹ̀fọ́ ò sì fẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ní kí n fi álọ́ọ̀mù sí i kó mọ́. Álọ́ọ̀mù tún máa ń mú kí omi kan sí i ni. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni ìkarahun ìgbín. Mo gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ìgbín, mo sè é, mo gún un, mo dì í sínú àwọ̀n, mo gbé e sí ibi tí omi ti ń já. Bí omi bá kan jù, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá kan mọ́, á dúró jẹ́ẹ́. Kò lè ṣe é jù. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn ń ṣe máa ń mú kí omi kan sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù, bó bá sì ti já wálẹ̀ kọjá 6, àwọn gan-an á dẹwọ́. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ gbé e gòkè jù. Nínú omi tó gbóná bí tiwa, ìpín amóníà tó jẹ́ májèlé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bí pH bá jẹ́ 7. Bó bá di 8, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Láàárín 6.5 sí 7 ni mo ń fẹ́ kó wà.

Kí ẹ tó da òkúta sínú ebè, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bó bá hó, ẹfun ló wà nínú rẹ̀, á máa gbé pH sókè láìdáwọ́ dúró. Gíráńáìtì kì í hó. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórínì sí, ẹ jẹ́ kó sùn nínú abọ́ tó ṣí sílẹ̀ kó tó kan ẹja. Omi òjò tó ti orí páànù ṣàn wá, mi ò lò ó, torí síǹkì tó wà lára páànù kò dára fún ẹja.

Sùúrù ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn tó pọ̀ tó lára òkúta. Mo fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lásán kó rà, kó lè di amóníà, mo sì tọrọ òkúta mélòó kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Akókà tí tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Òkúta yẹn dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló mú kó yá. Amóníà á kọ́kọ́ gòkè, á wá já. Náítíráìtì á gòkè, òun náà á já. Ìgbà tí méjèèjì bá ti di òdo lórí ohun èlò ìyẹ̀wò ni mo tó ra ẹja. Ẹni tó ta á fún mi ní kí ni mo ń dúró dè látọjọ́ yìí.

Ohun kan wà tí mi ò rí nínú fídíò kankan, bóyá torí pé ẹ̀fọn ò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n: oògùn ẹ̀fọn. Púpọ̀ nínú oògùn tí a ń fọ́n sínú yàrá lálẹ́ ní ohun tí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n tó ń pa ẹja kíákíá, bó tilẹ̀ kéré. Pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sì ń fa afẹ́fẹ́ tó bá wà láyìíká rẹ̀ lọ sínú omi tààrà. Nítorí náà mo bá gbogbo ilé sọ ọ́. Bàbá Ìbejì máa ń kan ilẹ̀kùn mi báyìí kí wọ́n tó fọ́n tiwọn: “Ìyá Tólú, ẹ bo àwọn ọmọ yín o.” Màá fi ọ̀rá bo táǹkì, màá pa pọ́ńpù afẹ́fẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, màá jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òórùn yẹn lọ. Bákan náà ni mi ò lè fọ́n oògùn kòkòrò kankan sára ẹ̀fọ́ mi. Bí kòkòrò bá bò ó, omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, tàbí kí n gé ẹ̀ka yẹn jù nù.

Ẹ̀fọ́ wá kàn. Lẹ́tọ́ọ̀sì tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ń gbin kò wúlò níhìn-ín. Ooru á mú kó tètè yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò. Gbúre ni ọba. Ẹ gé orí ìtì tó kù nígbà tí ẹ bá ń já gbúre ọbẹ̀, ẹ tì í sáàárín òkúta, ó parí. Tẹ̀tẹ̀ náà ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹfinrin, tó tiẹ̀ fẹ́ gba gbogbo ebè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, tí mo sì ní láti máa gé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ewédú gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ kéré sí èyí tó wà lọ́jà, àmọ́ ó yọ̀ nínú ọbẹ̀ bó ṣe yẹ. Úgwù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ á dí gbogbo páìpù. Ata rodo fẹ́ kí ebè ti dàgbà dáadáa kó tó so.

Nígbà kan, ewé tẹ̀tẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí iṣan inú ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin tí ewé ń lò, ló ṣaláìtó. Oúnjẹ ẹja kì í ní i tó fún ẹ̀fọ́. Ó yà mí lẹ́nu, torí omi kànga wa tó ń pọ́n korobá. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tó ti dógùn-ún kì í yọ́ sínú omi mọ́, ẹ̀fọ́ ò sì lè mu ún. Ìdí nìyẹn tí ìṣó tó dógùn-ún tí àwọn kan ní kí n kó sínú omi kò fi lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tí àwọn tó ń ta nǹkan oko ń tà, tí wọ́n ti ṣe lọ́nà tí kò fi ní dógùn-ún nínú omi, ìwọ̀nba kékeré nínú rẹ̀ ni mo lò, ewé tó tún yọ lẹ́yìn rẹ̀ sì tutù.

Ṣé ó tó jẹ? Ó tó ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó ẹfinrin fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀fọ́ tó pọ̀ lówó tó dínwó, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 12. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà ṣírò rẹ̀ tí gbúre mi ò fi ní wọ́n ju ti ọjà lọ lórí ìwọ̀n. Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ ni pé mo mọ omi tó wọ inú ẹ̀fọ́ mi, mo sì lè já a nígbà tí ìkòkò bá ti wà lórí iná.

Ìdí kan náà ni mi ò fi ń da oògùn ẹja sínú táǹkì. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń tà fún ẹja ọ̀ṣọ́ ni kò yẹ kó wọ ohun tí ènìyàn máa jẹ, àwọn mìíràn á sì pa àwọn kòkòrò àìfojúrí wa run. Bí ẹja kan bá ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, mo gbé e lọ sínú báàkẹ́tì lọ́tọ̀ pẹ̀lú pọ́ńpù afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo fi iyọ̀ sí i, nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 3 nínú lítà omi kan, mo sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Omi oníyọ̀ yẹn, gọ́tà ni mo ń dà á sí.

Wọ́n ti ń dàgbà báyìí. Ẹni tó bá ń rí goldfish nínú abọ́ gíláàsì lè rò pé bó ṣe máa mọ nìyẹn, àmọ́ bó bá rí àyè, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tish tó lo ọdún 43 kó tó kú ní 1999. Lítà 250 kò lè gba márùn-ún tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, pàápàá lóru tí iná bá lọ. Àbúrò mi ní Ìkòròdú ní adágún oníṣìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé wọn; mo ti bá a sọ ọ́ pé kó wá mú méjì tó tóbi jù. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n bá òun gé gbúre díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí n sì jẹ́ kí òun yá pawabáǹkì yẹn fún ọ̀nà. Mo ní gbúre wà.